Adùn Tó Wà Nídìí Búrẹ́dì Agége

Ibi tí iṣẹ́ búrẹ́dì ti dùn mọ́ mi jù kì í ṣe ẹnu ófùnù, níbi tí òórùn rẹ̀ ti ń gba gbogbo àdúgbò kan. Ìdí ẹ̀rọ ìtẹ̀ ni. Ẹ̀rọ náà ní irin róbótó gbọọrọ méjì tó sún mọ́ra, tí wọ́n ń yí kọjú síra wọn, a ó sì máa ti dóò bọ àárín wọn. Bí dóò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú míkísà jáde, kò ṣeé wò: ó le, ara rẹ̀ rí ṣágiṣàgi, bí ẹ bá fà á, á já. A ó tì í bọ ẹ̀rọ, á jáde ní pẹlẹbẹ, etí rẹ̀ á sì ya. A ó ká a po, a ó tún tì í bọ̀ ọ́. A ó tún ká a. Ohun kan náà ni ọwọ́ ń ṣe lọ ṣe bọ̀, ṣùgbọ́n dóò kò dúró sójú kan. Ara rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dán. Á funfun sí i. Etí tó ń ya tẹ́lẹ̀ á gún gbọọrọ. Bí mo bá gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e lákòókò yẹn, mo máa ń rí i pé ó rọ̀, pé ó tutù, pé ó sì ń rọra ti ọwọ́ mi padà. Kì í ṣe owó ló máa ń wà lọ́kàn mi nígbà náà, kì í sì í ṣe oorun tí mi ò sùn. Inú mi a máa dùn ṣáá ni.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ èèyàn kò ka iṣẹ́ wa sí èyí tó lè mú inú ẹnikẹ́ni dùn. Ohun tí wọ́n ń rí ni pé a kì í sùn lóru, pé ooru ń bá wa fínra, pé fíláwà ń bò wá láti orí dé ẹsẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kì í sú yín ni?" Bẹ́ẹ̀ ni àbúrò mi kan tó ń ṣiṣẹ́ ní báǹkì ṣe bi mí. "Nǹkan kan náà lójoojúmọ́!" Ohun tó ń wí yé mi. Fíláwà, omi, ṣúgà, iyọ̀, yíìsì, bọ́tà díẹ̀: ohun tó ń wọnú búrẹ́dì Agége kò fi bẹ́ẹ̀ ju báyìí lọ, kò sì yí padà látìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n. Àmọ́ kò sí òru méjì tí àwọn nǹkan wọ̀nyí hùwà bákan náà rí. Ohun tí iṣẹ́ yìí fi ń wù mí nìyẹn, mo sì fẹ́ kí ẹni tó ń na owó sí oníbúrẹ́dì láti ojú fèrèsé dánfó mọ̀ ọ́n.

Ẹ jẹ́ ká mú ti ojú ọjọ́. Ohun abẹ̀mí ni yíìsì. Ṣúgà ló ń jẹ, afẹ́fẹ́ tó ń tú jáde ló sì ń mú kí dóò wú. Bí òtútù bá mú un, á lọ́ra; bí ooru bá bá a, á sáré. Nígbà ọyẹ́, tí omi inú dúrọ́ọ̀mù á tutù nini lóru, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni mo fi ń po fíláwà. Mo tún gbọ́dọ̀ fi aṣọ bo àwọn páànù, torí afẹ́fẹ́ ọyẹ́ á gbẹ ojú dóò, dóò tí ojú rẹ̀ bá sì ti gbẹ kò ní wú dáadáa, ibi tó bá wù ú ni yóò ti ya nínú iná. Fíláwà fúnra rẹ̀ á ti gbẹ nínú àpò, á máa mu omi ju bó ṣe ń mu tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ wá jẹ́ kó di oṣù Kẹta, kí òjò tó fìdí múlẹ̀, nígbà tí ooru Èkó kì í jẹ́ kí èèyàn rí èémí mí. Omi yìnyín ni mo máa ń wá kiri nígbà náà. Bí mo bá lọ ṣe bí mo ṣe ń ṣe nígbà ọyẹ́, dóò á ti wú kọjá bó ṣe yẹ kí iná tó jó tán, á máa rùn bí ọtí, búrẹ́dì rẹ̀ á sì jìn wọlé láàárín. Bí òjò bá wá dé, ọ̀rinrin á wọ fíláwà lára, omi tí mo ń bù sí i á tún dín kù.

Kò sí ìwé tó lè gba gbogbo èyí. Òṣùwọ̀n wà lórí tábìlì wa, mo sì máa ń wọn nǹkan dáadáa, torí ẹni tó bá ń fojú díwọ̀n iyọ̀ àti yíìsì ń fi owó olówó ṣeré. Àmọ́ ọwọ́ ló ń parí ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ a máa fi ìka kan tẹ dóò tó wà nínú páànù. Bí ojú ibi tó tẹ̀ bá yára padà sípò, kò tíì tó. Bó bá rọra ń padà, ẹ gbé e wọ iná. Bó bá dúró síbẹ̀ tí kò padà mọ́, ó ti kọjá. Ìka kan ṣoṣo náà ni èmi fi ń wò ó títí dòní, kò sì tíì sí àárọ̀ tí n kò fi hára gàgà láti mọ ohun tí dóò máa sọ.

Ẹ̀rọ ìtẹ̀ tí mo ń yìn yìí ní ìtàn, mo sì fẹ́ràn ìtàn náà gan-an. Ọmọ Jàmáíkà kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Amos Shackleford dé sí Nàìjíríà lọ́dún 1913 láti ṣe akọ̀wé ní iléeṣẹ́ rélùwéè. Lọ́dún 1921, ó dá ilé búrẹ́dì sílẹ̀ l'Ékòó. Òun ni wọ́n gbà pé ó mú irú ẹ̀rọ yìí wọ ilẹ̀ wa, búrẹ́dì rẹ̀ sì tà débi pé wọ́n ń pè é ní ọba búrẹ́dì. Ó wà lára àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ Marcus Garvey l'Ékòó pẹ̀lú, ẹgbẹ́ tó ń pe àwọn aláwọ̀ dúdú káàkiri ayé pé kí wọ́n dìde ṣe tiwọn. Mo gbà pé ojú kan náà ló fi wo búrẹ́dì: ohun tí aláwọ̀ dúdú lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, kí ó tà á, kí ó sì fi gba èèyàn sí iṣẹ́. Títí dòní, búrẹ́dì kan wà ní Jàmáíkà tí wọ́n ń pè ní hard dough, tó ki, tó dùn díẹ̀ lẹ́nu, irú ẹ̀rọ kan náà ni wọ́n sì fi ń tẹ dóò rẹ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ èyí, orí mi wú. Ẹnì kan wà ní Kingston lóru yìí tó ń ká dóò po tó ń tì í bọ àárín irin bíi tèmi, a ò sì mọra wa rí.

Láti ọ̀dọ̀ Shackleford àti àwọn tó tẹ̀ lé e ni iṣẹ́ náà ti tàn ká. Agége wà lójú ọ̀nà rélùwéè, òwò obì sì ti kó èèyàn jọ síbẹ̀ tipẹ́. Ibi tí èrò bá sì pọ̀ sí ni búrẹ́dì ń tà sí. Àwọn oníbúrẹ́dì ibẹ̀ ló wá fi orúkọ àdúgbò lé e lórí. Lónìí, bí ẹ bá dé Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ máa rí búrẹ́dì Agége rà.

Kí ni ẹ̀rọ náà ń ṣe gan-an tí ọwọ́ nìkan kò lè ṣe dáadáa? Nínú àlìkámà, ohun kan wà tó máa ń fà bí omi bá kàn án tí a sì pò ó. Àwọn onímọ̀ ń pè é ní gluten. Òun ló ń di afẹ́fẹ́ yíìsì mú kó má baà sá lọ. Omi tí à ń fi po búrẹ́dì Agége kò pọ̀, ìdí nìyí tí dóò fi ń le, tí apá èèyàn kì í sì í tètè ká a. Bí a bá ń tì í bọ ẹ̀rọ tí a ń ká a po, ohun tó ń fà yẹn á tò ara rẹ̀ sí ìlà kan, gbogbo ihò ńláńlá inú dóò á fọ́ sí wẹ́wẹ́. Ẹ mú búrẹ́dì Agége tó dára, ẹ má fi ọ̀bẹ gé e o, ẹ fi ọwọ́ fà á ya. Ẹ ò ní rí èérún nílẹ̀. Okùn okùn ni yóò máa ya, inú rẹ̀ á funfun, á ki, kò ní sí ihò tó lè gba ìka. Ọwọ́ ẹni tó dúró nídìí ẹ̀rọ lóru ló wà nínú okùn wọ̀nyẹn. Bó bá kánjú, èérún ni ẹ ó rí. Bó bá tẹ̀ ẹ́ jù, dóò á gbóná, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ mọ́ irin.

Ẹ̀rọ náà kò fẹ́ ìṣekúṣe. Irin méjì tó ń yí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín dóò àti ìka ọwọ́. Ọmọṣẹ́ tó bá wọ aṣọ alápá gígùn tàbí tó fi òrùka sọ́wọ́ kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn lọ́dọ̀ mi, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ máa fi fóònù sétí nídìí rẹ̀. Ṣé ẹ mọ̀ pé èyí pàápàá wà lára ohun tó ń dùn mọ́ mi? Kò sí ibòmíràn láyé mi tí mo ti ń fi gbogbo ara wà níbì kan báyẹn. Gbèsè, owó ilé ìwé, ọ̀rọ̀ tí ẹnì kan sọ sí mi lánàá, gbogbo rẹ̀ á dúró síta. Èmi, irin, àti dóò nìkan ló kù.

Ófùnù náà ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Àwọn kan ti ń lo gáàsì, ó sì rọrùn. Alámọ̀ ni tiwa, igi ni a ń dá sí i. Inú rẹ̀ gan-an ni iná ti ń jó, títí ògiri àti òrùlé rẹ̀ á fi mu ooru yó. Lẹ́yìn náà la ó wọ́ ẹyín iná kúrò, a ó sì fi àpò tútù tí a so mọ́ igi gígùn nu ilẹ̀ rẹ̀. Ooru tó wà lára amọ̀ ló ń din búrẹ́dì, kì í ṣe ọwọ́ iná. Kí a tó ki páànù bọ̀ ọ́, mo máa ń fọ́n ẹ̀kúnwọ́ fíláwà sílẹ̀ ófùnù. Bó bá dúdú lójú ẹsẹ̀, a ó dúró kó rọlẹ̀. Bó bá pẹ́ kó tó yí àwọ̀, ooru kò tó. Bó bá rọra ń pọ́n, àkókò ti tó nìyẹn. Òtútù òru, igi tó tutù, amọ̀ tó ti là níbì kan, gbogbo wọn ló ń dá sí i. Nígbà tí búrẹ́dì bá jáde, ẹ da ọ̀kan dé, ẹ fi ìka kan ìdí rẹ̀: bó bá dún bí ohun tó ṣófo, ó ti jinná dénú. Etí mi ti mọ dídún yẹn débi pé mo máa ń gbọ́ ọ láàárín ariwo jẹnẹrétọ̀.

Mo ní ohun kan láti sọ nípa potassium bromate, mi ò sì ní fi ọwọ́ pa á lórí. Kẹ́míkà yìí máa ń fún dóò tí kò lágbára ní agbára, á jẹ́ kí búrẹ́dì wú fọ̀ọ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣe wàhálà nídìí ẹ̀rọ. Àwọn onímọ̀ ìṣègùn kà á mọ́ ohun tó lè fa jẹjẹrẹ. NAFDAC, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Nàìjíríà, ti fòfin dè é, Dora Akunyili sì lé àwọn tó ń lò ó kiri gan-an nígbà tó jẹ́ ọ̀gá àgbà àjọ náà. Síbẹ̀, àwọn kan ṣì ń fi pamọ́ lò ó. Òfin wà, ìlera ọmọ ọlọ́mọ wà, àwọn méjèèjì ti tó láti kọ̀ ọ́. Èmi tún ní ẹ̀kẹta. Ẹni tó ń da bromate sí dóò ti gbé ibi tó dùn jù nínú iṣẹ́ náà tà. Ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ì bá kọ́, tí ojú rẹ̀ ì bá rí, kẹ́míkà ti bá a ṣe é, àbùkù rẹ̀ kò sì ní hàn sí i títí yóò fi darúgbó nídìí iṣẹ́ tí kò mọ̀.

Ti owó ńkọ́? Mi ò lè sọ pé inú dídùn ló ń ra igi ìdáná. Àlìkámà tí à ń jẹ ní Nàìjíríà, ilẹ̀ òkèèrè ni púpọ̀ rẹ̀ ti ń wá, bí dọ́là bá sì ti fò sókè, a ó mọ̀ ọ́n lára. Nígbà tí Rọ́ṣíà gbógun wọ Ukraine lọ́dún 2022, àpò fíláwà tó wà nílé ìtajà wa l'Ékòó mọ̀ ọ́n. Àwọn àgbà oníbúrẹ́dì ṣì ń sọ̀rọ̀ ọdún 1987, nígbà tí ìjọba Babangida fòfin de kíkó àlìkámà wọlé, tí àwọn ilé búrẹ́dì fi ń tì pa. Nígbà tí Akínwùmí Adéṣínà di mínísítà ètò ọ̀gbìn, ọ̀rọ̀ búrẹ́dì onípákí gba ìlú. Mo pò ó. Kò sí gluten nínú pákí, torí náà dóò rẹ̀ kì í fẹ́ ẹ̀rọ púpọ̀. Á tètè ya, á fẹ́ ká fi sùúrù bá a lò. Búrẹ́dì rẹ̀ kò wú tó ti àlìkámà nìkan, ṣùgbọ́n ó dùn, ó sì kọ́ mi ní ohun tí fíláwà lásán kò lè kọ́ mi nípa ìgbà tó yẹ kí n dá ọwọ́ dúró. Bí ìjọba bá tún gbé e dé lọ́la, èmi ti ṣe tán.

Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ni àwọn ìyá tó ń kiri á ti dé. Ọ̀kan wà lára wọn, àgbà obìnrin ni, kì í ra búrẹ́dì láìkọ́kọ́ fi ọwọ́ fún un. Bó bá fún un tí kò padà sípò, á ní, "Ọmọ mi, kí ló ṣe yín lóru àná?" Mi ò lè parọ́ fún un. Nígbà mìíràn, yíìsì ni. Nígbà mìíràn, iná ni. Á gbọ́ ẹjọ́ mi tán, á sì ra ìwọ̀nba. Lọ́jọ́ tó bá dára, kì í yìn mí púpọ̀. Á kàn ní kí wọ́n kó o kún àtẹ òun, á gbé e karí, á gba ọ̀nà ìdíkọ̀ lọ. Mo fẹ́ràn ìdájọ́ yẹn ju ìyìn lọ. Òun ló mọ ohun tí àwọn awakọ̀ ń fẹ́, tí ìyá ẹlẹ́wà Agọ̀nyìn ń fẹ́: búrẹ́dì tí èèyàn lè fi gbá ọbẹ̀ láì jẹ́ pé ó yọ́ sínú rẹ̀. Nígbà tó bá fi máa di agogo mẹ́wàá, gbogbo ohun tí mo fi òru ṣe ti wọ ikùn èèyàn. Àwọn kan máa ń ní ohun tó ń ba àwọn nínú jẹ́ nìyẹn, pé kò sí nǹkan tí a lè nawọ́ sí pé àwa la ṣe é. Èmi kì í rí i bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti jẹ ẹ́, ó ti gbé wọn dé ibi iṣẹ́, ojú tábìlì sì ti mọ́ kí n lè tún un ṣe.

Ọmọbìnrin kan wà lára àwọn ọmọṣẹ́ mi báyìí tó ní ọwọ́ yìí. Mo rí i lọ́jọ́ tó dúró nídìí ẹ̀rọ tó sọ pé, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká tún tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, kò tíì gbọ́." Mo fọwọ́ kàn án. Òótọ́ ló sọ, kò tíì gbọ́. Àwọn ọmọkùnrin tó wà níbẹ̀ ti fẹ́ máa gé e wọ páànù. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń jẹ́ kí òun dá dóò tí a kọ́kọ́ ń pò lóru tẹ̀, èmi á jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan, mi ò ní sọ̀rọ̀ àfi bó bá bi mí. Ó máa ń bi mí ní ìbéèrè tí n kò rò rí. Lánàá, ó fẹ́ mọ ìdí tí iyọ̀ fi ń dá yíìsì dúró, tí ṣúgà sì ń tì í síwájú, nígbà tó jẹ́ pé ìkòkò kan náà ni a pò wọ́n sí. A fẹ́ dán an wò: dóò mẹ́ta kéékèèké, ọ̀kan láìní iyọ̀, ọ̀kan pẹ̀lú iyọ̀ bó ṣe yẹ, ọ̀kan tí iyọ̀ rẹ̀ pọ̀ sí i, ká tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn ká sì máa wò wọ́n.

Fíláwà iléeṣẹ́ mìíràn sì ti dé lọ́sàn-án yìí, torí èyí tí à ń lò tẹ́lẹ̀ ti wọ́n jù. Mo ti ṣí àpò kan, mo ti pa á mọ́ ìka: ó kúnná, àwọ̀ rẹ̀ pọ́n díẹ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá. Mo fura pé á mu omi púpọ̀. Èyí tí a máa fi dán iyọ̀ wò lálẹ́ òní, inú àpò tuntun yẹn ni a ó ti bù ú.